Orin Kíláásíkà Ilẹ̀ Yúróòpù àti Ìyípadà Gbòǹgbò Nínú Sáyẹ́ǹsì àti Ìṣèlú: Àtúnyẹ̀wò Èrò Dígí Àwùjọ

Àṣamọ̀

Èrò kan tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ Yorùbá ni pé dígí àwùjọ ni iṣẹ́ ọnà jẹ́. Pépà yìí tún èrò náà yẹ̀ wò nípa títọpinpin ohun tí ó so orin kíláásíkà ilẹ̀ Yúróòpù pọ̀ mọ́ ìyípadà gbòǹgbò nínú sáyẹ́ǹsì àti ìṣèlú. Àpẹẹrẹ tí a lò ní apá sáyẹ́ǹsì ni iṣẹ́ Vincenzo Galilei, Johannes Kepler àti William Herschel. Ní apá ìṣèlú, a lo Sínfónì Kẹta àti Sínfónì Kẹsàn-án tí Beethoven kọ, pẹ̀lú ọpẹ́rà Auber tí ó ń jẹ́ La Muette de Portici. A fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ àti àṣà ìdánwò ni ó so orin pọ̀ mọ́ sáyẹ́ǹsì, nígbà tí ó jẹ́ pé ìpéjọ àti ìlò ni ó so ó pọ̀ mọ́ ìṣèlú. Pépà náà gba àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni níyànjú láti máa dán ìtàn tí wọ́n bá gbọ́ nípa iṣẹ́ ọnà wò kí wọ́n tó fi kọ́ ẹlòmíràn.

Ìfáàrà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni bá ń kọ àpilẹ̀kọ lórí eré onítàn tàbí ìtàn àròsọ, gbólóhùn tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé dígí tí a fi ń wo àwùjọ ni iṣẹ́ ọnà. A kò sọ pé kò sí òtítọ́ nínú gbólóhùn yìí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ogunde ní 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú, ojú ara wọn ni àwọn aláṣẹ rí nínú eré náà. Dígí ọ̀hún mọ́ ju bí wọ́n ti fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n eré tí ó ní ọ̀rọ̀, tí ó ní ẹ̀dá ìtàn, ni Yorùbá Ronú. Kí ni a ó wá sọ nípa orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, tí ó jẹ́ pé fáyólìn, fèrè àti ìlù nìkan ni a fi gbé e jáde, síbẹ̀ tí àwọn òpìtàn ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ ìṣubú ọba àti ìdìde orílẹ̀-èdè? Kí ni dígí ń fi hàn níbẹ̀?

Ìbéèrè yìí ní ìṣòro tirẹ̀ fún ọmọ Yorùbá, nítorí pé ohun-èlò orin tiwa ń sọ̀rọ̀. Bí onídùndún bá fi ìyá ìlù ki ènìyàn lójú agbo, ìró òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí ó ń lù yóò bá ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ inú oríkì náà mu. Ẹni tí wọ́n ń kì yóò gbọ́, yóò sì na onílù lówó. Nítorí ìdí èyí, bí a bá gbọ́ orin aláìlọ́rọ̀ láti ilẹ̀ mìíràn, a tètè máa ń béèrè pé, 'Kí ni ó ń sọ?' Èdè Jámánì àti èdè Faransé kì í ṣe èdè olóhùn bíi Yorùbá. Fáyólìn kò lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí lámèyítọ́ bá fi dandan lé e pé orin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ó yẹ kí a ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ méjì kí a tó tẹ̀ síwájú. Orin kíláásíkà tí a ń sọ nínú pépà yìí ni orin ilẹ̀ Yúróòpù tí aṣẹ̀dá orin fi àmì kọ sórí ìwé, tí àwọn mìíràn sì ń kà láti gbé e jáde bí ó ṣe kọ ọ́. Ìyípadà gbòǹgbò ni èyí tí ó kan ìpìlẹ̀, tí kì í ṣe ti ẹ̀ka lásán. Nínú sáyẹ́ǹsì, ó máa ń wáyé nígbà tí ọ̀nà tí a fi ń mọ òtítọ́ bá yí padà; nínú ìṣèlú, ó máa ń wáyé nígbà tí ìdáhùn sí ìbéèrè pé ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ìjọba bá yí padà. Bí ọ̀gágun kan bá lé ọ̀gágun mìíràn kúrò lórí àlééfà, tí gbogbo nǹkan yòókù sì wà bí wọ́n ṣe wà, a kò pe èyí ní ìyípadà gbòǹgbò.

Ìtàn Alágbẹ̀dẹ àti Okùn Vincenzo Galilei

Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn onímọ̀ orin Yúróòpù fi ń tún ìtàn kan sọ. Wọ́n ní Pythagoras, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gíríìkì, ń kọjá lọ níwájú ilé alágbẹ̀dẹ nígbà tí ó gbọ́ pé ìró àwọn òòlù wọn ń bá ara wọn mu. Ó wọlé, ó wọn àwọn òòlù náà, ó sì rí i pé ìwọ̀n wọn jẹ́ 12, 9, 8 àti 6. Wọ́n ní òòlù 12 àti 6 ń dún bí ohùn kan náà, àmọ́ tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ bí ohùn ọmọdé ṣe máa ń ga ju ti àgbàlagbà lọ nígbà tí wọ́n bá jọ ń kọ orin kan. Àlàfo yìí ni àwọn olórin ń pè ní ọ́kítéèfù. Ìtàn náà fi kún un pé nígbà tí Pythagoras délé, ó so ìwọ̀n kan náà kọ́ okùn, àbájáde rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Boethius kọ ìtàn yìí sínú ìwé rẹ̀ lórí orin ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sì gbà á bí òfin.

Ìtàn náà kì í ṣe òtítọ́. Òòlù kì í dún gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n rẹ̀. Ní ti okùn, bí a bá gé gígùn rẹ̀ sí ìdajì, ohùn rẹ̀ yóò ga ní ọ́kítéèfù kan lóòótọ́, èyí ni ìṣirò 2 sí 1. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n ni a so kọ́ okùn láti fà á le, ìlọ́po méjì kò tó. Ìlọ́po mẹ́rin ni a nílò. Ẹni tí ó tẹ èyí jáde ní 1589 ni Vincenzo Galilei, olórin ará Ítálì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títa ohun-èlò olókùn tí wọ́n ń pè ní lúùtù, tí ó jọ gìtá. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ń ta kò ni Gioseffo Zarlino, olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, tí ó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ orin nígbà náà. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, a gbà. Àmọ́ Vincenzo kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu bá àgbà jà. Okùn ni ó nà, ìwọ̀n ni ó so kọ́ ọ, etí ni ó sì fi gbọ́ ọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Vincenzo yìí ni bàbá Galileo Galilei, tí a bí ní Pisa ní 1564. Bàbá kọ́ ọmọ ní lúùtù, ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n ta. Nínú ìwé tí Galileo tẹ̀ jáde ní 1638 lórí ìmọ̀ tuntun méjì, ó jíròrò lórí okùn, ìwọ̀n àti ohùn orin, ó sì tún òfin tí bàbá rẹ̀ rí sọ. Ìwé kan náà ni ó ti ṣàlàyé bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yára sí i bí ó bá ń yí wálẹ̀ lórí pákó tí ó dagun. Galileo kọ ọ́ pé omi tí ń jò láti inú ohun-èlò kan ni òun fi ń wọn àkókò. Ní 1975, Stillman Drake tí ó jẹ́ òpìtàn sáyẹ́ǹsì dá a lábàá pé ó ṣeé ṣe kí Galileo ti kọ́kọ́ lo ìdọ́gba ìlù orin: kí ó so okùn sí ìdábùú pákó náà, kí ó sì sún un títí tí kíkàn bọ́ọ̀lù mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan yóò fi bọ́ sí ojú ìlù. Àbá ni èyí. Ṣùgbọ́n pé bàbá ti fi okùn àti ìwọ̀n dán ọ̀rọ̀ àgbà wò kí ọmọ tó dán ti Aristotle wò, èyí kì í ṣe àbá. Ó wà nínú ìwé wọn méjèèjì.

Kókó tí a fẹ́ kí òǹkàwé mú níhìn-ín ni pé orin kò ṣe dígí fún ìyípadà gbòǹgbò sáyẹ́ǹsì. Kò sí orin kankan tí Vincenzo kọ tí ó ń sọ ìtàn sáyẹ́ǹsì. Ìdí iṣẹ́ orin gan-an, níbi tí a ti ń na okùn tí a sì ń fetí sí i, ni àṣà ìdánwò ti rí ibi gbé.

Láti Inú Orin Dé Ojú Ọ̀run

Johannes Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, gbàgbọ́ pé Ọlọ́run fi òfin ìbáramu ohùn ṣètò ìrìn àwọn plánẹ́ẹ̀tì yí oòrùn ká. Ní 1617, nígbà tí ó ń rin ìrìn-àjò, ìwé tí Vincenzo Galilei kọ lórí orin àtijọ́ àti orin òde òní wà lára ohun tí ó ń kà lójú ọ̀nà. Ní 1619 ó tẹ Harmonices Mundi jáde, ìyẹn ìwé lórí ìbáramu ohùn ayé, ó sì fi àmì orin kọ ohùn tí plánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń kọ nínú rẹ̀. Nínú ìwé yìí kan náà ni òfin kẹta Kepler wà: bí a bá fi iye ọdún tí plánẹ́ẹ̀tì fi ń yí oòrùn po lọ́po ara rẹ̀, yóò bá jíjìnnà rẹ̀ sí oòrùn mu bí a bá fi òun náà po lọ́po ara rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a fi Júpítà dán an wò. Ó jìnnà sí oòrùn ní ìlọ́po 5.2 ayé wa, 5.2 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 140.6. Ọdún 11.86 ni ó fi ń yí oòrùn po, 11.86 lọ́nà méjì jẹ́ 140.7. Orí òfin yìí wà lára ohun tí Isaac Newton gbé ìmọ̀ òòfà rẹ̀ kà ní 1687.

Kò sí onímọ̀ ìràwọ̀ kan lónìí tí ó gbà pé plánẹ́ẹ̀tì ń kọrin. Èrò tí ó gbé Kepler dé ibi òfin náà ti ṣubú, òfin náà sì dúró. Ohun tí ó mú un dúró ni pé Kepler fi ìwọ̀n tí Tycho Brahe ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ yẹ èrò rẹ̀ wò, kò gba èyí tí ìwọ̀n kò bá gbè. A rí i pé orin lè jẹ́ ọ̀nà tí a gbà dé ọjà. Kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé a rà nǹkan níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ William Herschel tún fi iṣẹ́ ọwọ́ hàn kedere sí i. Hanover ni a ti bí i ní 1738, fèrè ni ó sì ń fọn nínú ẹgbẹ́ olórin ọmọ-ogun. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1757, ó kọ sínfónì 24, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Bath láti 1766. Ó ka ìwé Robert Smith lórí ìbáramu ohùn. Nígbà tí ó gbádùn rẹ̀, ó wá ìwé mìíràn tí ọkùnrin yìí kan náà kọ, èyí tí ó dá lórí ìmọ́lẹ̀ àti awò. Láti ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha dígí onírin fún awò awọ̀nà-jíjìn, tí Caroline àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí òun náà jẹ́ akọrin, sì ń ràn án lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 13, oṣù Ẹrẹ́nà, 1781, ó rí plánẹ́ẹ̀tì tí a wá mọ̀ sí Uranus. Ṣáájú ọjọ́ náà, gbogbo ayé gbà pé Sátọ́ọ̀nù ni plánẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn.

Beethoven àti Orúkọ Bonaparte

Bí a bá wá kọjú sí ìṣèlú, ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù ni ti Sínfónì Kẹta tí Ludwig van Beethoven kọ. Sínfónì ni orin gígùn tí ó sábà máa ń ní ìpín mẹ́rin, tí ẹgbẹ́ olórin ńlá fi oríṣiríṣi ohun-èlò gbé jáde. Ferdinand Ries, akẹ́kọ̀ọ́ Beethoven, ni ó sọ ìtàn náà. Ó ní Beethoven fẹ́ fi orin yìí bọlá fún Napoleon Bonaparte, ẹni tí ìyípadà gbòǹgbò ilẹ̀ Faransé ti 1789 gbé dìde. Nígbà tí Ries mú ìròyìn wá ní 1804 pé Bonaparte ti sọ ara rẹ̀ di ọba ńlá, inú bí Beethoven, ó sì fa ojú-ewé àkọlé orin náà ya sí méjì. Èyí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ń tún sọ: aṣẹ̀dá orin tí ó fẹ́ràn òmìnira kọ apàṣẹwàá sílẹ̀, orin rẹ̀ sì di dígí ìyípadà náà.

Ẹ jẹ́ kí a so ìwọ̀n kọ́ okùn ìtàn yìí. Ìwé tí Beethoven fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orin náà sí ti sọnù. Èyí tí ó wà ní Vienna jẹ́ àdàkọ tí adàwékọ ṣe. Lójú ewé àkọlé rẹ̀, wọ́n ha orúkọ Bonaparte débi pé ìwé náà lu. Ẹ̀rí ìbínú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú ewé yìí kan náà ni Beethoven ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ pé orí Bonaparte ni a kọ orin náà lé. Ní ọjọ́ 26, oṣù Ògún, 1804, lẹ́yìn tí Bonaparte ti di ọba ńlá, Beethoven kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan pé Bonaparte gan-an ni àkọlé sínfónì náà. Lẹ́tà tí Ries fúnra rẹ̀ kọ ní 1803 tún sọ pé ìjòyè kan tí ń jẹ́ Lobkowitz fẹ́ san 400 gulden, owó ilẹ̀ náà, kí orin ọ̀hún lè jẹ́ tirẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1806, Lobkowitz ni a fi bọlá fún, àkọlé rẹ̀ sì sọ pé ìrántí ẹni ńlá kan ni a fi ń ṣe, kò dárúkọ. Ilẹ̀ Ọ́sítíríà tí Beethoven ń gbé ti bá Bonaparte jagun ní 1805.

Ohun tí ẹ̀rí fi hàn ni ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì, tí ó ní ìgbàgbọ́, tí ó ní ìbínú, tí ó sì ní gbèsè ilé àti oúnjẹ láti rò. Èyí kò dín iyì orin náà kù. Ó kàn fi yé wa pé orúkọ wà lára ojú-ewé àkọlé ni. Kò sí nínú ohùn. Wọ́n ha Bonaparte kúrò, wọn kò sì yí ohùn kan padà nínú orin nítorí rẹ̀.

Alẹ́ Kan ní Brussels

Ìtàn kejì ni ti ọpẹ́rà, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi orin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọjọ́ 25, oṣù Ògún, 1830, wọ́n ṣe La Muette de Portici tí Daniel Auber kọ ní gbọ̀ngàn eré Monnaie ní Brussels, lára àjọ̀dún ọjọ́ ìbí ọba William Kìíní. Eré náà dá lórí apẹja kan tí ń jẹ́ Masaniello tí ó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ní Naples ní 1647. Nígbà tí wọ́n kọ orin ìfẹ́ ilẹ̀ baba inú rẹ̀, ariwo sọ. Àwọn òǹwòran jáde sí ìgboro, wọ́n bá èrò tí ó wà níta pàdé, wọ́n sì jọ kọlu ọ́fíìsì ìwé ìròyìn tí ń gbè sẹ́yìn ìjọba. Wọ́n dáná sun ilé mínísítà tí ń jẹ́ Van Maanen. Ní ọjọ́ 4, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún náà, wọ́n kéde òmìnira ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ pé ọpẹ́rà ni ó bí orílẹ̀-èdè kan.

Bí eré bá jẹ́ dígí, kí ni èyí fi hàn? Masaniello kò borí nínú eré náà. Orí rẹ̀ dàrú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì pa á. Ọ̀gá ẹ̀dá ìtàn obìnrin inú rẹ̀ jẹ́ odi, gẹ́gẹ́ bí orúkọ eré ti sọ. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan títí ó fi bẹ́ sínú òkè oníná. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀kọ́ nínú ìtàn náà lè sọ pé ìkìlọ̀ fún ọlọ́tẹ̀ ni. Pẹ̀lúpẹ̀lù, wọ́n ti ṣe eré yìí kan náà ní Brussels ní 1829, àwọn òǹwòran sì padà sílé lọ sùn.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Láti 1815 ni àwọn alágbára Yúróòpù ti so gúúsù pọ̀ mọ́ àríwá lábẹ́ William. Àwọn ará gúúsù pọ̀ ju ti àríwá lọ, àmọ́ aṣojú 55 ni a fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìjọ Àgùdà ni ọ̀pọ̀ wọn, Pùròtẹ́sítáǹtì ni ọba. Ọ̀rọ̀ èdè ìjọba àti ìdíwọ́ fún àwọn oníwèé ìròyìn ń bí wọn nínú, iṣẹ́ kò sí, oúnjẹ sì gbówó lórí. Ní oṣù Agẹmọ 1830, àwọn ará Paris ti lé ọba tiwọn kúrò. Ògiri ti lanu kí aláǹgbá tó wọ̀ ọ́. Ohun tí ọpẹ́rà ṣe ni pé ó kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ sábẹ́ òrùlé kan ní alẹ́ kan náà, ó sì fún wọn ní orin tí wọ́n lè jọ gbè. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n kò jọ iṣẹ́ dígí.

Ohùn Kan, Ọ̀gá Púpọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé orin ní ẹ̀gbẹ́ òṣèlú tí ó wà nínú ohùn rẹ̀, kí ó wo ohùn orin ayọ̀ tí ó parí Sínfónì Kẹsàn-án Beethoven, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Vienna ní 1824. Ní oṣù Igbe 1942, Wilhelm Furtwängler darí sínfónì náà ní Berlin fún ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Hitler. Ní 1974, ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n kéré níye ní Rhodesia, tí wọ́n ń tẹ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́lẹ̀, sọ ohùn orin náà di orin orílẹ̀-èdè wọn. Ní 1985, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n para pọ̀ gbà á fún orin àpapọ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 1989, lẹ́yìn tí ògiri Berlin ti ṣí, Leonard Bernstein darí rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní kí àwọn akọrin fi òmìnira rọ́pò ayọ̀ nínú ọ̀rọ̀ orin náà. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn lò. Ẹni tí ó ń nikàn jọba, ẹni tí ń kó ìran mìíràn lẹ́rú àti ẹni tí ń yọ̀ nítorí òmìnira, kò sí ẹni tí ohùn náà kọ̀ láti bá lọ.

Ẹnìkan lè bi wá pé, bí orin kò bá sọ nǹkan, kí ló dé tí àwọn aláṣẹ fi ń bẹ̀rù rẹ̀? Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1936, lẹ́yìn tí Stalin wo ọpẹ́rà kan tí Dmitri Shostakovich kọ, ìwé ìròyìn Pravda bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà, ó ní ariwo ni, kì í ṣe orin. Ọ̀rọ̀ gidi ni ìbéèrè yìí. Ìdáhùn wa ni pé nítorí tí orin kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo gan-an ni aláṣẹ tí ó fẹ́ kí ohun gbogbo ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tí Shostakovich gbé Sínfónì Kàrún-ún jáde ní Leningrad ní 1937, ìjọba gbọ́ ìrònúpìwàdà nínú rẹ̀. Títí di òní ni àwọn mìíràn sì ń gbọ́ ọ̀fọ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ. Kò sí ẹni tí ó lè fi ohùn rẹ̀ nìkan dá ẹjọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ fún Lámèyítọ́ àti Olùkọ́

Kí ni èyí kan olùkọ́ Yorùbá? Ó kàn án lọ́nà méjì. Èkíní, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èrò dígí wúlò fún eré àti ìtàn tí ó ní ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ni a gbọ́dọ̀ bi orin: ta ni ó gbọ́ ọ, níbo, nígbà wo, kí ni wọ́n sì fi ṣe? Orin kíláásíkà kò jìnnà sí wa débi tí a ó fi pè é ní ọ̀rọ̀ òkèèrè. Nípasẹ̀ ìwé orin ìsìn àti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ni ó fi wọ Èkó, níbẹ̀ sì ni Fẹlá Ṣówándé ti kọ́ ọ kí ó tó kọ Folk Symphony fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ lórí sínfónì yìí, kí ó má bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn pé dígí òmìnira ni. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí ó gbọ́ ọ àti àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ.

Èkejì, olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ni ìtàn ń gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ìtàn òòlù Pythagoras kò pẹ́ láyé nítorí pé ó jẹ́ òtítọ́. Ẹnu àwọn olùkọ́ ni ó gbé e pẹ́. Ìdánwò tí ó wó o palẹ̀ kò gbówó lórí. Olùkọ́ lè ṣe é ní kíláàsì pẹ̀lú okùn ìpẹja méjì tí ó gùn tí ó sì nípọn dọ́gba, kí ó nà wọ́n kọjá lórí àpótí pákó, kí ó so ìgò omi lítà kan kọ́ ọ̀kan, méjì kọ́ èkejì. Kí àwọn ọmọ ta á, kí wọ́n gbọ́ pé kò tí ì dé ọ́kítéèfù. Kí ó sọ ọ́ di ìgò mẹ́rin, kí wọ́n sì tún gbọ́. Lọ́nà kan náà, kí wọ́n mú orin ìsìn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n wò ó bóyá ohùn orin gbé ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yẹ, tàbí ó gbé ọkọ̀ sókè títí ó fi di ọkọ́. Ọmọ tí ó bá ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ irú èyí kò ní tètè gba gbogbo ohun tí a bá sọ fún un nípa Beethoven tàbí nípa Brussels, kò sì ní gba gbogbo ohun tí òṣèlú bá sọ fún un pẹ̀lú.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú pépà yìí, a ti fi hàn pé ìdí iṣẹ́ orin ni Vincenzo Galilei ti rí àṣà ìdánwò, pé orin jẹ́ ọ̀nà fún Kepler àti Herschel láì jẹ́ ẹ̀rí, àti pé ìtàn Beethoven àti ti Brussels kò rí bí ẹnu ṣe ń sọ wọ́n nígbà tí a bá gbé wọn sórí ìwọ̀n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Zarlino gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì so ìwọ̀n kọ́ okùn. Ìmọ̀ àwọn méjèèjì ni ó gbé ayé síwájú. A kò ní kí a sọ dígí nù. Dígí tí Herschel fi rí plánẹ́ẹ̀tì tuntun kò dédé mọ́. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni ó fi ha á kí ó tó lè ran ìmọ́lẹ̀. Bákan náà, lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà wo àwùjọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ti ìwé, ọjọ́, orúkọ àti ẹ̀rí, kí ó ha wọ́n dáadáa, kí ó tó sọ fún wa pé òun rí nǹkan.